Géèmù Ogun Tó Yẹ Ní Títa: Ìbéèrè Láti Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀

Ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí kì í yéé bi mí ní àkókò ìsinmi ilé-ìwé: èrè wo ni ó wà nínú géèmù tí ọmọ ń jókòó tì láti àárọ̀ títí di alẹ́? Ìdáhùn mi ni pé ó dọ́wọ́ irú géèmù. Èyí tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ jẹ́ kí á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Èyí tí mo fẹ́ kí á yẹ̀ wò lónìí ni géèmù ogun àtijọ́, irú èyí tí ẹni tí ń ta á ti ń kọ́ ìlú, tí ó ń dáko, tí ó ń kó ọmọ ogun jọ, tí ó sì ń jagun, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí àsìkò kò sì ní dúró dè é.

Àwọn baba wa ní eré ọgbọ́n tiwọn. Ọpọ́n ayò ní ihò 12, ọmọ ayò sì jẹ́ 48. Nínú ayò, bí mo bá ta tèmi tán, mo dúró kí ìwọ náà ta tìrẹ. Mo lè ronú, mo lè wo ojú ọ̀run, mo lè fi ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ dà ọ́ lọ́kàn rú. Ọmọ ayò kò ní tìtorí ìyẹn kúrò nínú ihò rẹ̀. Nínú géèmù tí mò ń wí yìí, kò sí pé ó kàn ọ́, ó kàn mí. Bí mo ti ń ronú lọ́wọ́ ni ọ̀tá mi ń gbin oko, tí ó ń rọ irin, tí ó sì ń rán amí. Ohun tí ó mú kí ó jọ ogun ju ayò lọ nìyí, nítorí ogun kì í dúró de ẹni tí ń ronú.

Ọ̀kan nínú èyí tí ó gbajúmọ̀ jù lọ láàárín wọn ni Age of Empires, tí ilé-iṣẹ́ Ensemble Studios ṣe, tí Microsoft sì gbé jáde ní ọdún 1997. Èkejì rẹ̀ jáde ní 1999, wọ́n sì tún un ṣe ní 2019 fún kọ̀ǹpútà òde òní. Èyí ti 1999 kò béèrè kọ̀ǹpútà olówó ńlá. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ó ti gbó lè gbé e dáadáa, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì bí ènìyàn bá fẹ́ dá a ta. Ní ìlú tí iná mànàmáná ti ń wá tí ó ń lọ bí àlejò, ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn.

Èrò mi ni pé ohun mẹ́ta ni ó ń mú kí irú géèmù bẹ́ẹ̀ yẹ ní títa. Ohun kẹrin wà tí púpọ̀ nínú wọn kò ní, òun gan-an ni ó sì kan àwa ọmọ Okun jù lọ.

Oúnjẹ ṣáájú ọ̀kọ̀

Nígbà tí Age of Empires kejì bá bẹ̀rẹ̀, kì í sábà sí ẹgbẹ́ ogun lọ́wọ́ rẹ. Ará abúlé mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fún ọ, pẹ̀lú ẹlẹ́ṣin kan tí yóò máa ṣe amí. Ohun àmúṣọrọ̀ mẹ́rin ni ó wà: oúnjẹ, igi, wúrà àti òkúta. Bí kò bá sí oúnjẹ, o kò lè ní ará abúlé kan sí i. Bí kò bá sí igi, kò sí ilé, kò sí oko, kò sì sí ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tí ó bá kó gbogbo ọkàn lé idà láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò rí i pé ìlú òun ti dúró sójú kan nígbà tí ti ẹnìkejì ń gbilẹ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àgbà ti sọ èyí tipẹ́. Géèmù yìí kàn ń mú kí ọ̀dọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án ni.

Ìtàn wa jẹ́rìí sí i. Ẹ wo Ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí kò sì tú ká tán títí di 1893. Púpọ̀ nínú wa mọ orúkọ Ògèdèǹgbé ti Iléṣà, a mọ Fábùnmi ti Òkèmẹ̀sí, a sì mọ Ààrẹ Látòóṣà ti Ìbàdàn. Ìwọ̀nba ni ẹni tí ó ń rántí ọ̀nà. Etí òkun ni iyọ̀, ìbọn àti ẹ̀tù ti ń wá. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn Ìjẹ̀bú ti ojú ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn, ìlú tí ó ní àwọn jagunjagun tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù wá di ìlú tí ń ṣọ́ ẹ̀tù lò. Ní apá kejì, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí wọ́n wà ní Èkó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n dá owó jọ, wọ́n sì ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí àwọn ará wọn lójú ogun gba ọ̀nà Oǹdó. Ìró ìbọn ni wọ́n sọ pé ó fún ogun náà ní orúkọ, ṣùgbọ́n kí ìbọn tó lè ró, ẹnìkan ní láti rù ú débẹ̀.

Ọmọ tí ó bá ti pàdánù eré kan rí nítorí pé wúrà tán lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní ka ìtàn Kírìjì bí ìtàn àwọn alágbára ọkùnrin méjì tí wọ́n ń wo ara wọn lójú. Yóò béèrè pé: ta ni ó ń bọ́ wọn? Ọ̀nà wo ni ẹrù wọn ń gbà? Géèmù tí ó bá bí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti kọ́ ọmọ ní nǹkan.

Amí nínú òkùnkùn

Ohun kejì ni òkùnkùn. Bí eré bá bẹ̀rẹ̀, dúdú ni gbogbo ilẹ̀, àfi ibi tí àwọn ènìyàn rẹ dúró sí. Bí amí rẹ bá ti ń rìn ni ilẹ̀ ń ṣí. Bí ó bá sì kúrò níbẹ̀, igi àti òkè yóò ṣì hàn sí ọ, ṣùgbọ́n o kò ní mọ ẹni tí ó ń kọjá lábẹ́ wọn mọ́. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Nínú eré yìí, arọ tí ó ní amí máa ń borí òmìrán tí ó jókòó sílé.

Àìrí yìí nìkan kọ́ ni ìṣòro. Ojú méjì péré ni ènìyàn ní, ọwọ́ méjì sì ni. Bí mo bá ń wo ibi tí ogun ti ń jà, n kò lè wo oko. Bí mo bá ń wo oko, àwọn tafàtafà mi lè kú tán kí n tó padà dé ọ̀dọ̀ wọn. Kò sí ìwé ìtàn tí ó lè fi èyí hàn bí géèmù ṣe lè fi í hàn, nítorí pé ìwé ní láti sọ ọ̀rọ̀ kan tán kí ó tó bọ́ sí òmíràn. Nígbà Kírìjì, ojú ogun márùn-ún ni Ìbàdàn ń wò: Èkìtìparapọ̀ níwájú, Ìlọrin ní apá Ọ̀ffà, Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, àti Ifẹ̀. Lórí ìwé, ìlà kan péré nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́ kan gbìyànjú láti ṣọ́ ojú ogun méjì lójú kọ̀ǹpútà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tó sọ fún un pé márùn-ún ni Látòóṣà ń ṣọ́. Yóò mí kanlẹ̀.

Ilẹ̀ ni ó ń yan ẹni tí yóò borí

Ohun kẹta ni ilẹ̀. Nínú géèmù tí ó dára, kò sí ọmọ ogun tí ó borí gbogbo ọmọ ogun yòókù. Ẹlẹ́ṣin a máa lé tafàtafà ká, ẹni tí ó gbé ọ̀kọ̀ a máa dá ẹlẹ́ṣin dúró, tafàtafà a sì máa ta ẹni tí ó gbé ọ̀kọ̀ láti òkèèrè. Ibi tí wọ́n bá ti pàdé náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ: odò, igbó, àti òkè.

Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ Yorùbá rí. Ẹṣin ni ó sọ Ọ̀yọ́ di ńlá, ilẹ̀ ọ̀dàn ni ó sì gba ẹṣin láyè. Bí ẹṣin bá wọ igbó kìjikìji, igi kò ní jẹ́ kí ó sáré, kòkòrò inú igbó yóò sì fi àìsàn pa á. Ní nǹkan bí ọdún 1840, nígbà tí Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ní Òṣogbo, ogun ẹlẹ́ṣin tí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá láti àríwá pàdé ibi tí kò ti lè kọjá mọ́. Ẹni tí ó bá ti kó ẹlẹ́ṣin ogún wọ inú igbó nínú géèmù, tí ó sì rí bí wọ́n ṣe há, kò nílò kí olùkọ́ ṣàlàyé èyí fún òun lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tí ń sá gun òkè

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ilé wa ni mo dé yìí. Bí a bá túmọ̀ orúkọ Age of Empires sí èdè wa, ìgbà àwọn ilẹ̀ ọba ńlá ni ó jẹ́. Àwa Okun kò ní ilẹ̀ ọba ńlá rí. Ọ̀wẹ́ ní Kàbà, Ìjùmú tí Gbẹ̀dẹ̀ wà nínú rẹ̀, Ìyàgbà, Bùnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀: ìlú kéékèèké ni wá, olúkúlùkù pẹ̀lú olórí tirẹ̀, ìkíni kan náà ni ó sì fún gbogbo wa ní orúkọ tí a jọ ń jẹ́.

Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, àwọn Tápà ti Bídà ní ẹṣin, wọ́n ní ìbọn, wọ́n sì ní ìjọba tí ó lè kó ogun jọ lọ́dọọdún. Etsu Masaba àti àwọn tí ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ sọ ilẹ̀ wa di ibi ìkórè. Wúrà kọ́ ni wọ́n ń wá. Ènìyàn ni. Wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú lójú ogun, wọ́n sì tún ń gba ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ìlú tí ó bá ti túúbá. Òkè ni ọ̀pọ̀ ìlú sá gùn, níbi tí ẹṣin kò ti lè tẹ̀ lé wọn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company wọ Kàbà, tí wọ́n sì lọ ṣẹ́gun Bídà. Agbára kan kó ẹsẹ̀ kúrò, agbára mìíràn sì jókòó sípò rẹ̀. Nígbà tí ó yá ni ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Orúkọ bí Ayétòrò, bí ẹ bá fi etí sílẹ̀ dáadáa, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó mọ bí ayé ti rí kí ó tó tòrò ni.

Ní Age of Empires kejì, aago kan wà ní àárín ìlú. Bí ọ̀tá bá yọ, tí o bá sì lu aago náà, gbogbo ará abúlé yóò ju ọkọ́ àti àáké sílẹ̀, wọn yóò sì sá wọ inú ilé ńlá tí ó wà láàárín ìlú, wọn yóò máa ta ọfà láti inú rẹ̀. Ohun tí ó sún mọ́ ìtàn wa jù lọ nínú gbogbo géèmù náà nìyí, nínú gbogbo rẹ̀ sì ni ó jẹ́ ohun kékeré jù lọ. Ẹ̀gbẹ́ ojú kọ̀ǹpútà ni bọ́tìnnì rẹ̀ wà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò sì mọ̀ pé ó wà.

Ní ìsinmi tó kọjá, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń fi iná sólà gba ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ lágbára fún àwọn ará ìlú. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta pé lé kọ̀ǹpútà kan lórí. Bàbá àgbà kan tí ó mú iná àtùpà rẹ̀ wá gbà lágbára dúró lẹ́yìn wọn, ó ń wò wọ́n.

"Okun o, bàbá," ni wọ́n wí.

"Okun, ẹ̀yin ọmọ mi. Àwọn wọ̀nyí tí wọ́n ń roko, ta ni ó ń ṣọ́ wọn?"

Ọmọ tí máòsì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní, "Kò sí o, bàbá. Iṣẹ́ oko nìkan ni tiwọn."

Bàbá mi orí. Ó ní ìyá bàbá òun sọ fún òun pé nígbà ogun Tápà, bí àwọn ènìyàn bá ń roko, ẹnìkan ní láti wà lórí àpáta tí yóò máa wo ọ̀nà, àti pé ẹni tí wọ́n bá fi ṣọ́nà lọ́jọ́ náà kì í jẹun títí tí gbogbo wọn yóò fi wọlé, kí oorun má baà gbé e lọ. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gba àtùpà rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Kí ó tó dé ojú títì, ọmọ náà ti kọ́ ilé ìṣọ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ oko rẹ̀, èyí tí ó kéré jù nínú wọn sì ti ń béèrè lọ́wọ́ mi pé àpáta wo ni.

Ohun kẹrin tí mo ní púpọ̀ nínú àwọn géèmù wọ̀nyí kò ní nìyí: ojú ẹni tí ogun wá bá. Ará abúlé inú géèmù kì í kọ iṣẹ́, kì í ṣọ̀fọ̀, kì í ní orúkọ. Bí ọ̀tá bá dé, yálà kí ó sá là tàbí kí ó kú. Kò sí ẹni tí wọ́n so lókùn mú lọ. Bẹ́ẹ̀, ní ilẹ̀ wa, ẹni tí wọ́n so lókùn mú lọ ni ìdí tí wọ́n fi jà. Géèmù tí ó bá ka wúrà àti igi ní ohun àmúṣọrọ̀, tí ó sì yọ ènìyàn kúrò nínú ẹrù ogun, ti yọ egungun ẹ̀yìn kúrò nínú ìtàn sẹ́ńtúrì yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra. Mo mọ ìdí tí àwọn tí ń ṣe géèmù fi ń sá fún un. Bí wọ́n bá fi ẹrú kún oúnjẹ àti igi, nọ́ńbà kan ni yóò di ní igun ojú kọ̀ǹpútà. Bí nọ́ńbà náà bá ń lọ sókè, ọmọ yóò máa yọ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni géèmù ti kọ́ ọ láti máa yọ̀ sí gbogbo nọ́ńbà tí ó bá ń lọ sókè. Ọmọ Gbẹ̀dẹ̀ yóò wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, yóò máa kó àwọn ìyá ìyá rẹ̀ lẹ́rú, yóò sì gba àmì ẹ̀yẹ fún un. Èmi kò fẹ́ ìyẹn rárá. Fífi í pamọ́ jẹ́ irọ́. Sísọ ọ́ di bọ́tìnnì burú ju irọ́ lọ.

Ọ̀nà kẹta wà. Kí á yí ẹni tí ń ta géèmù padà. Kí ó má jẹ́ Etsu tí ń rán ẹlẹ́ṣin jáde. Kí ó jẹ́ olórí ìlú kékeré kan lábẹ́ òkè, tí ó ní ìdílé ogójì, tí olúkúlùkù wọn ní orúkọ. Kí ó máa pinnu ìgbà tí wọn yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ gbin iṣu, iye ọjọ́ tí omi orí òkè yóò tó wọn, bóyá kí wọ́n bá ìlú tí ó wà lódìkejì mulẹ̀ tàbí kí wọ́n san ìṣákọ́lẹ̀ kí ọdún yìí lè kọjá. Bí wọ́n bá sì ní kí ó fi ènìyàn san án, kí géèmù béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ọmọ ta ni. Ní òpin eré, kí wọ́n má ka iye ọ̀tá tí ó pa. Kí wọ́n ka iye ènìyàn rẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù, kí wọ́n sì dárúkọ àwọn tí kò sí mọ́.

Irú rẹ̀ kì í ṣe àlá. Ní 2014, ilé-iṣẹ́ 11 bit studios ní orílẹ̀-èdè Poland gbé This War of Mine jáde. Géèmù ogun ni, ṣùgbọ́n kò fi ọ́ ṣe ọ̀gágun. Aráàlú tí ogun ká mọ́lé ni ó fi ọ́ ṣe, tí ń wá oúnjẹ àti oògùn lóru; ìdótì ìlú Sarajevo láàárín 1992 sí 1996 wà lára ohun tí ó fún wọn ní èrò náà. Ní 2020, ìjọba Poland kéde pé àwọn yóò fi géèmù náà kún àwọn iṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti dàgbà tó lè kà ní ilé-ìwé. Kì í ṣe irú èyí tí a ti ń kó ẹgbẹ́ ogun jọ, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ènìyàn lè ta géèmù láti ẹ̀yìn ògiri, kí ó má lè jáwọ́ ńbẹ̀.

Orúkọ wa nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé a tilẹ̀ wà nínú àwọn géèmù wọ̀nyí? A wà, ṣùgbọ́n bí àlejò ni. Ní 2015 ni wọ́n fi The African Kingdoms kún Age of Empires kejì, tí ìtàn Sundjata ti Mali sì wọlé. Ó dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ wo àkànṣe ọmọ ogun tí wọ́n fún Mali: obìnrin tí ń ju ọ̀bẹ, tí wọ́n pè ní Gbeto. Orúkọ yìí kì í ṣe ti Mali. Ti Dahomey ni, níbi tí wọ́n ti ń pe àwọn obìnrin ọdẹ erin bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin jagunjagun Dahomey wá sí ẹnu odi Abẹ́òkúta ní 1851, wọ́n sì tún padà wá ní 1864. Àwọn Ẹ̀gbá lé wọn padà lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ọmọ Abẹ́òkúta tí ó bá mọ ìtàn ilé rẹ̀ yóò rí i lójú ẹsẹ̀ pé ẹni tí ó dúró ní ilé Mali yìí, ilé ibòmíràn ni ó ti wá. Ọmọ tí kò mọ̀ yóò gba ohun tí wọ́n bá fún un.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, The African Royals wọ inú Age of Empires kẹta. Àwọn Haúsá àti àwọn ará Ethiopia ni ènìyàn lè fi ṣe ìjọba tirẹ̀. Yorùbá wà níbẹ̀ pẹ̀lú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Akan àti Somali, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ìletò tí ẹlòmíràn lè bá da òwò pọ̀ kí ó sì yá ọmọ ogun lọ́wọ́ rẹ̀. A ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti borí. Kò sí bí a ṣe lè borí fúnra wa.

N kò sọ èyí láti dá ìjà sílẹ̀. A lè tún irú nǹkan báyìí ṣe. Nígbà tí wọ́n tún Age of Empires kẹta ṣe ní 2020, wọ́n pe àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà láti bá wọn yẹ iṣẹ́ náà wò. Àwọn tí wọ́n ń pè ní Iroquois tẹ́lẹ̀ di Haudenosaunee, àwọn Sioux di Lakota, orúkọ tí àwọn ènìyàn náà fi ń pe ara wọn. Wọ́n tún yí bí wọ́n ṣe ń wa wúrà padà, nítorí pé kò bá ìgbé ayé wọn mu. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn ara rẹ̀, tí ó sì ní ẹnu láti sọ ọ́, ni ó lè rí irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ gbà.

Kí ni kí á wá ṣe?

Sí ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Kí ẹ tó fi owó àti wákàtí yín sí géèmù ogun kan, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin. Ǹjẹ́ ó ń jẹ́ kí n wá oúnjẹ kí n tó jà? Ǹjẹ́ ó ń jẹ́ kí n mọ iye ohun tí n kò rí? Ǹjẹ́ ilẹ̀ àti ojú ọ̀nà ní agbára nínú rẹ̀? Ǹjẹ́ ó mú kí n ro ti ẹni tí ogun dé bá? Èyí tí ó bá dáhùn mẹ́ta nínú rẹ̀ yẹ ní títa. Èyí tí kò bá dáhùn ọ̀kan, ariwo lásán ni.

Bí owó bá jẹ́ ìṣòro, ẹ wá 0 A.D., tí ẹgbẹ́ Wildfire Games ń ṣe. Ọ̀fẹ́ ni, ìtàn ayé àtijọ́ kí Kristi tó wá ni ó dá lé, àwọn ará Kush ti Áfíríkà sì wà nínú rẹ̀ láti 2018. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa rẹ̀ ni pé wọn kò ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni: ẹni tí ó bá ní sùúrù lè wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kí ó sì fi ìlú àti ènìyàn tuntun kún un. Age of Empires kejì náà ní ibi tí ènìyàn ti lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ilẹ̀, òkè àti odò. Kò sí ohun tí ó dí ọmọ Gbẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ láti ya àwọn òkè tí ó yí wa ká síbẹ̀, kí ó sì fi oko sí ìsàlẹ̀ wọn.

Ṣùgbọ́n kí ó tó lè yà á, ó ní láti mọ òkè tí àwọn ènìyàn rẹ̀ gùn, ibi tí omi wà lórí rẹ̀, àti ẹ̀gbẹ́ tí ọ̀tá ń gbà wá. Èyí kò sí nínú kọ̀ǹpútà kankan. Ẹnu àwọn àgbà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà, àwọn àgbà náà sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó gbọ́ ìtàn ogun Tápà lẹ́nu ẹni tí ojú rẹ̀ rí i kò pọ̀ mọ́ láàárín wa. Ní ọdún díẹ̀ sí i, kò ní sí ẹyọ kan. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ yín lè gba ohùn sílẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ béèrè, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ ní Gbẹ̀dẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé.

Sí ẹ̀yin òbí, eré kan nínú irú géèmù yìí lè gba wákàtí kan. Ẹ gbà wọ́n láyè fún ẹyọ kan, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹyọ kan náà ni, iṣẹ́ ilé àti ìwé kíkà ṣì ń dúró. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan, ẹ fa àga jókòó tì wọ́n. Ẹ kò ní láti mọ máòsì lò. Ẹ kàn wo oko tí wọ́n dá, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè pé ta ni ó ń ṣọ́ ọ.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Okun o.